Abẹ́rẹ́ gún òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kò wo iwájú

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe ní ọsibítù, òun ló ń kó pàǹtí láti yàrá dé yàrá. Ó ku bíi wákàtí kan kó lọ sílé, ó gbé àpò ìdọ̀tí kan, àpò yẹn fara kan itan ẹ̀, nǹkan kan ta á lójijì. Ó tú àpò wò, abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Kò mọ ẹni tí wọ́n fi gún, kò mọ ẹni tó jù ú síbẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ẹni tó yẹ kóun lọ sọ fún. Tó bá wá sọ fún ọ̀gá ẹ̀, mo mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ọ̀gá yẹn: "Ṣé o ò wo iwájú ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí ó dà bíi pé abẹ́rẹ́ yẹn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọnú àpò. Ẹnì kan ló lò ó tí ò jù ú síbi tó yẹ, bóyá torí pé kò sí ibi tó yẹ nítòsí, bóyá àpótí tó wà níbẹ̀ ti kún dẹ́nu, bóyá òun nìkan ló ń tọ́jú àwọn aláìsàn tó yẹ kí ẹni mẹ́ta máa tọ́jú. Ẹni tó wá jìyà ẹ̀ ni ẹni tí owó oṣù ẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ilé yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, àmọ́ ó tún ti di ọ̀rọ̀ tuntun látàrí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Geneva lóṣù kẹfà ọdún 2025. Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ìyẹn ILO, ṣe àpérò wọn tọdọọdún, àwọn ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn kan, nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 192, tó dá lórí ewu kòkòrò àrùn àtàwọn nǹkan ẹlẹ́mìí míì tó lè ṣe òṣìṣẹ́ ní jàǹbá níbi iṣẹ́. Òun ni àdéhùn àgbáyé àkọ́kọ́ tó gbájú mọ́ irú ewu yẹn lódindi. Ẹ wò ó, ọdún 1919 tí wọ́n dá ILO sílẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé ìmọ̀ràn kan jáde nípa àrùn anthrax tó ń ran àwọn tó ń fi irun àgùntàn ṣiṣẹ́, látìgbà yẹn ó wá gba ọdún 106 kí wọ́n tó ṣe èyí tó kárí gbogbo kòkòrò. Mi ò mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa fún ìyẹn, èmi ń pè é ní ìjáfara. Lọ́dún 2022 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé ibi iṣẹ́ tí ò ní ewu jẹ́ ara àwọn ẹ̀tọ́ tó ṣe kókó jù fún òṣìṣẹ́, torí náà èyí tẹ̀ lé e ni. Àmọ́ kí inú wa má tíì máa dùn jù, àdéhùn ILO ò lè de orílẹ̀-èdè kankan títí orílẹ̀-èdè yẹn fúnra ẹ̀ á fi gbà á wọlé, kó tún wá ṣòfin tiẹ̀, kó tún wá rán àwọn tó máa lọ yẹ ibi iṣẹ́ wò, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan sábà máa ń kú sí.

Kí n tó lọ jìnnà, èdè tiwa náà lè da ọ̀rọ̀ yìí rú fún wa díẹ̀, torí abẹ́rẹ́ la ń pe èyí tí wọ́n fi ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ náà la ń pe èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún wa ní ìdí, abẹ́rẹ́ náà la tún ń pe oògùn tí wọ́n gún sí wa lára káàrùn má bàa mú wa. Tí mo bá sọ abẹ́rẹ́ níbí, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn ni mo ń sọ. Èyí tó ń dáàbò boni, àjẹsára ni màá máa pè é.

Ó dáa. Àwọn kòkòrò tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ni gbogbo ayé fi ń ṣòdiwọ̀n: hepatitis B, hepatitis C àti HIV. Hepatitis méjèèjì, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń bá jà. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ń ka nǹkan nípa ẹ̀ ni pé ẹ̀rù tó ń bà wá ò bá ìṣirò mu rárá. HIV ni gbogbo èèyàn ń sá fún, àmọ́ tí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV bá gún 1,000 òṣìṣẹ́ tí wọn ò sì lo oògùn kankan, bíi mẹ́ta péré ló máa kó o nínú wọn. Ti hepatitis C, ìṣirò àtijọ́ sọ pé bí 18 nínú 1,000, àwọn ìwádìí tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ní kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Hepatitis B ńkọ́? Láti 60 dé 300 nínú 1,000 fún ẹni tí ò tíì gba àjẹsára, ó wà lọ́wọ́ bí kòkòrò ọ̀hún bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kòkòrò hepatitis B yìí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti gbẹ mọ́ ara tábìlì, ẹ lè má tiẹ̀ rí i mọ́, síbẹ̀ ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán kó sì tún ran èèyàn. Òun kan náà ló sì ní àjẹsára nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àjẹsára tó dáa gan-an, tó ti wà látọdún 1981. Nítorí náà tí òṣìṣẹ́ bá kó hepatitis B lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, kì í ṣe pé ayé ò tíì rí ọ̀nà àbáyọ, ọ̀nà ti wà tipẹ́, ẹnì kan ni ò sanwó ẹ̀.

Báwo ló ṣe ń wọlé sára? Abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ tàbí ìgò tó fọ́ ló wọ́pọ̀ jù, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ta séèyàn lójú tàbí lẹ́nu náà ń kó o wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara tó ti bó tàbí tó lójú egbò. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, àtọ̀ ọkùnrin àti omi ojú ara obìnrin wà níbẹ̀, omi tó yí ọmọ ká nínú ilé ọmọ, omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn, àti omi tó ń gbára jọ sínú àyà tàbí ikùn. Òógùn ò sí níbẹ̀, omijé ò sí níbẹ̀, ìtọ̀ àti èébì náà ò sí níbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá fojú rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀. Itọ́ ẹnu náà ò ka nǹkan, àfi níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín, torí níbẹ̀, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ti dàpọ̀ kó tó dé ọwọ́ dókítà. Bíbọwọ́, jíjẹun pọ̀, jíjókòó pa pọ̀ lọ́fíìsì, ìkankan nínú ẹ̀ ò lè ko àwọn mẹ́ta yìí ranni. Mo ní láti sọ ìyẹn torí ibi tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan á ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ní HIV, ìyẹn ò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Àwọn wo wá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Nọ́ọ̀sì ni ẹ máa kọ́kọ́ rántí, òótọ́ ni, àwọn ló ń gba tiwọn jù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù àtàwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi àwọn tó ń fọ aṣọ ọsibítù kún un, torí abẹ́rẹ́ máa ń há sínú aṣọ ibùsùn, ẹ fi àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kún un, àwọn tó ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì, ọlọ́pàá tó ń ki ọwọ́ bọ àpò ẹni tó mú, panápaná tó ń fa èèyàn jáde nínú mọ́tò tó gbókìtì, onígbàjámọ̀ tó fi bíléèdì gé ara ẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ gé kọ́sítọ́mà, àwọn tó ń ya tátù. Ẹ tún fi ẹni tí wọ́n yàn ní ilé iṣẹ́ kún un, tí wọ́n ní tí ẹ̀rọ bá gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó sáré wá dì í. Wọ́n á fún onítọ̀hún ní báńdéèjì àti sìsọ́ọ̀sì, ó pin síbẹ̀. Àjẹsára ńkọ́, ìbọ̀wọ́ ńkọ́, kò sẹ́ni tó béèrè.

Ìgbà wo gan-an wá ni abẹ́rẹ́ ń gúnni? Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà, ẹ fara balẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí wọ́n ń gún aláìsàn lọ́wọ́ ni. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn náà, pàápàá tí aláìsàn bá ṣàdédé ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tí ọmọdé bá ń jà kùràkùrà, àmọ́ apá tó pọ̀ nínú ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo abẹ́rẹ́ yẹn tán ló ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi ìdérí dé e padà, nígbà tí wọ́n ń tú u kúrò lára sírínjì, nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí tiréè pẹ̀lú òwú àti báńdéèjì pé àwọn ń bọ̀ wá gbé e, nígbà tí wọ́n ń tì í wọnú àpótí tó ti kún tí èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ń yọrí jáde, nígbà tí ẹlòmíì wá gbé àpò tí ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣáà wo ti dídé ìdérí yẹn, ọwọ́ kan di ìdérí tí ò ju ìka lọ mú, ọwọ́ kejì mú abẹ́rẹ́, ẹ sì fẹ́ kí ẹni tó ti dìde láti àárọ̀ jẹ́ kí méjèèjì pàdé ní ibi kan náà láìtàsé, ní ìgbà ogójì lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá tàsé, ó ti wọ àtàǹpàkò nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ ní ọ̀pọ̀ ibi pé kí wọ́n má dé e mọ́, kí wọ́n jù ú bó ṣe rí, tí kò bá sì ṣeé má dé, kí wọ́n tẹ́ ìdérí sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti abẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀.

Ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò pé nínú mílíọ̀nù 35 òṣìṣẹ́ ìlera tó wà láyé nígbà náà, bíi mílíọ̀nù 3 ni nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ń gún lọ́dọọdún tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ẹ̀: mílíọ̀nù 2 nínú ẹ̀ jẹ́ ti hepatitis B, 900,000 jẹ́ ti C, 170,000 jẹ́ ti HIV. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nínú ọsibítù nìkan, CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn níbẹ̀, fojú bù ú pé ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 385,000 lọ́dún. Tí èèyàn bá ń ṣubú lórí àtẹ̀gùn kan náà ní ìgbà 385,000 lọ́dún, ṣé a máa sọ pé gbogbo wọn ni ò wo iwájú, àbí a máa lọ wo àtẹ̀gùn yẹn? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ, gbogbo wa la mọ ìyẹn, òwe náà ti bá wa sọ nípa adìyẹ, kò tíì bá wa sọ nípa ẹni tó da abẹ́rẹ́ mọ́ oúnjẹ ẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ nípa ààbò níbi iṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń to ìdáàbòbò léra wọn, ìbọ̀wọ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí tí wọ́n bá bi í pé kí ló ti ṣe, "a fún wọn ní ìbọ̀wọ́." Ìbọ̀wọ́ dáa o, ẹ̀jẹ̀ tó ta sí ọwọ́ ò ní kan awọ, tí abẹ́rẹ́ bá sì gba ibẹ̀ kọjá, rọ́bà yẹn lè nu díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, àmọ́ kò lè dá abẹ́rẹ́ dúró, kò sí ìbọ̀wọ́ ọsibítù kankan tó lè ṣe é. Ohun tó wà lókè pátápátá ni pé kí abẹ́rẹ́ yẹn má tiẹ̀ sí rárá: ṣé oògùn yìí ò ní ẹ̀yà tí wọ́n ń gbé mì ni, ṣé a ò lè fi okùn tí ò ní abẹ́rẹ́ so dírípù pọ̀ ni, ṣé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà lára aláìsàn yìí lójúmọ́ la nílò ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni irinṣẹ́ tó dáa jù, sírínjì tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa ń sá padà sínú fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, tàbí èyí tó ní ìbòrí tó máa ń yọ jáde bò ó. Lẹ́yìn náà ni àpótí abẹ́rẹ́, èyí tó le, tí abẹ́rẹ́ ò lè gún ara ẹ̀ jáde, kó wà níbi tí ọwọ́ á tó o láìdìde láìyípadà, kí wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n gbé àpótí yẹn sí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ tó bá wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò ní yàrá yẹn ló máa rìnrìn àjò kọjá lára èèyàn kó tó débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin lè yí nǹkan padà, ẹ wo Amẹ́ríkà. Nígbà tí àrùn éèdì bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárín ọdún 1980 sí 1990, àjọ CDC gbé èrò kan jáde tó rọrùn tó sì lágbára: kí òṣìṣẹ́ máa ṣe sí ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn bíi pé kòkòrò wà níbẹ̀, torí ojú lásán ò lè dá ẹni tó ní in mọ̀, aláìsàn fúnra ẹ̀ lè má mọ̀. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 1991, OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ níbẹ̀, sọ ọ́ di òfin. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti lè kan òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí wọ́n máa tún un wò lọ́dọọdún, kí wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́, kí agbanisíṣẹ́ ra ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú látàpò ara ẹ̀, kó sì fi àjẹsára hepatitis B lọ òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ o, kì í ṣe kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù. Wọ́n fojú bù ú pé bí 17,000 òṣìṣẹ́ ìlera ló kó hepatitis B ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, nígbà tó di 1995 ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 400. Àjẹsára ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ òfin ló gbé àjẹsára dé apá wọn.

Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ ò yé gúnni, torí abẹ́rẹ́ àtijọ́ náà ni wọ́n ń rà, ó ṣáà pọ́ọ́kú jù. Àwọn nọ́ọ̀sì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò gbà, wọ́n ń pariwo títí Ààrẹ Bill Clinton fi fọwọ́ sí òfin míì lóṣù kọkànlá ọdún 2000. Apá kan wà nínú òfin yẹn tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ: wọ́n ní tí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ yan irinṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba èrò àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ara wọn lò ó, kì í ṣe àwọn ọ̀gá, àwọn tí abẹ́rẹ́ ń gún gan-an. Wọ́n tún ní kí wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n á máa kọ gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn sí, irú abẹ́rẹ́ wo ni, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwé yẹn ló máa tú àṣírí àtẹ̀gùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, torí tí ẹni márùn-ún bá fara gbọgbẹ́ ní yàrá kan náà pẹ̀lú irú sírínjì kan náà, ẹnu ọ̀gá ò ní lè sọ "kò wo iwájú" mọ́. Ní ti HIV, láti 1985 sí 2013, 58 òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti kó o, ẹnì kan péré nínú wọn ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1999, òun náà sì jẹ́ ẹni tó ń fi kòkòrò yẹn ṣiṣẹ́ ní lábù. Yúróòpù náà ṣe tiwọn lọ́dún 2010, wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè wọn dìgbà oṣù karùn-ún ọdún 2013 láti fi í sínú òfin, dídé abẹ́rẹ́ padà sì jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀.

Wàhálà tó ṣẹ́kù tí mo rò pé òun ló máa dán àdéhùn tuntun yìí wò ni ti àwọn tí wọn ò gbà síṣẹ́ tààrà. Obìnrin tí mo sọ lókè yẹn, ó lè jẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ ló gbà á, ọsibítù ò mọ̀ ọ́n ní tiwọn. Ẹ bi ọsibítù nípa àjẹsára ẹ̀, wọ́n á ní ẹ lọ bá kọ́ńtírákítọ̀. Ẹ bi kọ́ńtírákítọ̀, á ní inú ọsibítù ni ewu wà, kí wọ́n fún un. Ó lè ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà láìgba ẹyọ kan. Wọ́n á fún un ní ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ àwo, tí ó sì yẹ kó jẹ́ èyí tó nípọn.

Tó bá wá gúnni ńkọ́? Omi àti ọṣẹ, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú ló ta sí, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má fún ojú ibẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣe nǹkan kan, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má sì da bílíìsì sí i. Bílíìsì, tábìlì àti ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, tí wọ́n bá ti fi omi là á. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́, kì í ṣe lọ́la, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá jáde iṣẹ́. Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló dáa jù kéèyàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tó bá ti ju wákàtí 72 lọ, wọn kì í sábà fún èèyàn mọ́, ọjọ́ 28 lèèyàn sì máa fi lò ó. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé oògùn AZT nìkan tí wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn dín ewu yẹn kù ní nǹkan bí ìdá 81 nínú 100, àwọn oògùn ìsinsìnyí sì rọrùn láti lò jùyẹn lọ. Ti hepatitis B, ẹni tó ti gba àjẹsára ẹ̀ pé tí àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé ó mú un, kò ní nílò nǹkan kan, á kàn padà síbi iṣẹ́. Ẹni tí ò tíì gbà á, wọ́n á fún un ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ pẹ̀lú oògùn míì tí wọ́n ń pè ní immunoglobulin, láàárín wákàtí 24 ló sì dáa jù. Hepatitis C ni ò ní oògùn ìdènà, wọ́n á kàn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tó bá sì hàn, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ti wà báyìí tó ń wo iye tó ju 95 lọ sàn nínú 100. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà lára abẹ́rẹ́ náà, tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, bíi ti obìnrin wa yìí, kì í ṣe abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n máa gbé lọ sí lábù o, wọ́n á wo irú yàrá tó ti wá àti irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́, wọ́n á fi ìyẹn pinnu.

Gbogbo èyí dáa lórí ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í sọ. Ẹnì kan á ní òun ò ráyè. Ẹlòmíì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ lé òun, tàbí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun má bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun bákan. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó dákẹ́ torí pé ojú ń tì í, pé wọ́n á ní òun ò mọṣẹ́. Òun náà ti gba ọ̀rọ̀ "kò wo iwájú" yẹn gbọ́ ṣáájú kẹ́nikẹ́ni tó sọ ọ́ sí i. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, kí kòkòrò kankan tó ráyè hàn, òun ni ẹ̀rí wọn. Tó bá fi hàn pé kò sí nǹkan kan lára wọn lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ gún wọn, tí nǹkan wá jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò ti fi ẹ̀rí yẹn sílẹ̀, agbanisíṣẹ́ tó bá gbọ́n á sì béèrè nípa ẹni tó ń bá sùn kó tó béèrè nípa àpótí abẹ́rẹ́ tó kún.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ìdúró á wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oṣù mẹ́ta, nígbà míì ó ń dé oṣù mẹ́fà, kéèyàn máa lo kọ́ńdọ́ọ̀mù pẹ̀lú ẹni tó fẹ́, kó má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, kó máa sùn tí oorun ò wá. Ìgbà yẹn ni èèyàn máa ń nílò ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, òfin ò sì mẹ́nu ba ìyẹn púpọ̀. Lápá tó kù, òfin Amẹ́ríkà yẹn ní kí agbanisíṣẹ́ tọ́jú fáìlì ìlera òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ fún gbogbo ìgbà tó bá fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó tún wá fi 30 ọdún lé e lẹ́yìn tó bá ti kúrò. Ó jọ àsọdùn lójú ẹni tí ò mọ̀, àmọ́ hepatitis B àti C lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún 20 sí 30 ọdún láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n tó hàn sí dókítà kan tí ò mọ nǹkan kan nípa àpò ìdọ̀tí ọjọ́sí.